Ká Tún Un Ṣe ni àbí Ká Ra Òmíràn? Ìtàn Igbá, Rédíò àti Fíríìjì nínú Ilé Yorùbá

Ní ìparí ọdún 2023 ni fíríìjì ilé wa dákẹ́. Kì í ṣe pé iná kò sí. Gílóòbù inú rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ kò kùn mọ́, yìnyín inú rẹ̀ sì ti di omi tó ń ṣàn sílẹ̀ yàrá. Màmá mi, tó ń ta omi tútù àti sóbò fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, ni ó ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ fíríìjì. Ọkùnrin náà fi etí sí i, ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Màmá, kọ̀ńpẹ́rẹ́sọ̀ rẹ̀ ló ti jó." Iye tó dá lé àtúnṣe náà tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó fíríìjì tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí a gbàgbé rẹ̀, kí a dáwó jọ, kí a ra òmíràn. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Ohun tó ti ń bọ́ yín láti ọdún mẹ́rìndínlógún, òun lẹ ní kí n gbé jù sí ààtàn?" Ni gbogbo wọn bá kọjú sí mi. Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. N kò mọ ohunkóhun nípa fíríìjì.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ti pẹ́ tí a ti ń bi ara wa ní irú rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, kí iná mànàmáná tó dé rárá. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìdáhùn rẹ̀ kò dúró sójú kan rí. Ó ń yí padà bí iye ohun tuntun, iye iṣẹ́ ọwọ́, àti ìmọ̀ àwọn tó wà nítòsí bá ṣe ń yí padà. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn baba ńlá wa kì í fi nǹkan ṣòfò nítorí pé ìwà wọn sàn ju tiwa lọ. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ wo igbá àti ìkòkò. Ilé ìdáná kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bàjẹ́, ìdájọ́ wọn kò papọ̀. Bí igbá bá là, wọn kì í sọ ọ́ nù. Wọ́n á fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó dá ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú ibi tó là, wọ́n á wá fi okùn tín-ín-rín rán an pọ̀. Ojú rírán yìí ni àwọn àgbà ń pè ní kasẹ. Igbá tó ní kasẹ lè má gba omi dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n yóò gba àgbàdo, yóò gba èlùbọ́, yóò sì bá ọlọ́jà dé ọjà. Igbá fínfín, irú èyí tí a fi mọ àwọn ará Ọ̀yọ́, tí wọ́n fi ọ̀bẹ ya ọnà sí lára, wọ́n ju igbá lásán lọ. Nítorí náà kasẹ rẹ̀ lè pọ̀ gan-an kí ẹni tó ni ín tó gbà pé ó ti tán.

Ìkòkò kò rí bẹ́ẹ̀. Amọ̀ tí iná ti sun kò ṣeé rán, kò sì sí bí a ṣe lè dá a padà sí amọ̀ tútù. Ìkòkò tó fọ́, ó fọ́ náà ni. Síbẹ̀ kò tíì di asán. Ó di àpáàdì. Àpáàdì ni wọ́n fi ń lọ fọn iná láti ilé aládùúgbò, òun ló sì jẹ́ kí àwọn àgbà máa pa á lówe pé àpáàdì ló tó ko iná lójú. Ìdí ìkòkò tó ṣẹ́kù lè di ibi tí adìẹ ti ń mu omi. Nítorí náà, ìdájọ́ ayé àtijọ́ kì í ṣe ọ̀nà méjì péré. Ọ̀nà kẹta wà: kí ohun tó bàjẹ́ gba iṣẹ́ mìíràn.

Ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀nà kẹta yìí ga débi pé ó di ojú ọ̀nà gan-an. Láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, wọ́n to àpáàdì ní ìdúró, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, láti fi tẹ́ àgbàlá àti ọ̀nà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ ka iṣẹ́ náà sí ti Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí i pé ó gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì títẹ́ náà sọ àkókò kan lórúkọ nínú ìtàn ìlú náà. Díẹ̀ lára rẹ̀ ṣì wà títí di òní. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n lọ fi ojú ara wọn rí i. Àwòrán inú ìwé kò tó.

Irin náà ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tí C. V. Bellamy kọ̀wé ní ọdún 1904 nípa àwọn ayọ́rin ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ àṣelàágùn ni ó ṣàpèjúwe: wíwa òkúta inú ilẹ̀, sísun èédú, àti ṣíṣọ́ iná ìléru. Irin tó bá ti inú irú làálàá bẹ́ẹ̀ jáde kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sọ nù. Ọkọ́ tó bá ti jẹ yóò padà sí àgbẹ̀dẹ. Alágbẹ̀dẹ á fi iná rọ̀ ọ́, á lù ú di ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ náà bá jẹ, ó di abẹ. Irin òyìnbó tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá ló dabarú òṣùwọ̀n yìí. Nígbà tí irin tuntun di ohun tí a lè rà lọ́jà láìṣe làálàá, iná ìléru kú díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àgbẹ̀dẹ kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Ayọ́rin ló pàdánù. Alágbẹ̀dẹ, ẹni tó ń tún nǹkan ṣe, ńṣe ló rí irin púpọ̀ sí i lù.

(Aṣọ náà ní ìtàn tí n kò lè sọ tán níbí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó pa òwe yẹn mọ̀ pé ọrọ̀ ni àkísà jẹ́.)

Ọ̀pọ̀ ohun èlò òyìnbó tó kọ́kọ́ wọ ilé wa ló gba àtúnṣe. Fìtílà tó bá ń jò, wọ́n á fi òjé jó o. Nínú gbogbo wọn, maṣínnì ìránṣọ Singer ni mo fẹ́ràn jù. Irin ni gbogbo ara rẹ̀, ojú lásán ni a fi ń rí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, nọ́ọ̀tì ló sì so wọ́n pọ̀, kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá ní irinṣẹ́ díẹ̀ àti epo lè tú u palẹ̀, kí ó sì tò ó padà. Ìdí nìyí tí maṣínnì ìyá àgbà fi lè máa ránṣọ lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Àpótí Rediffusion yàtọ̀. Ní Èkó, ní oṣù Kejìlá ọdún 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà gbé ohùn wọ ilé àwọn tó ń san owó oṣooṣù. Ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1939. Àpótí tó ń sọ̀rọ̀ tí a kò lè fèsì fún, ta ni kò ní pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì? Ṣùgbọ́n onílé kọ́ ló ni àpótí náà. Bí ó bá dákẹ́, àwọn tó fi í síbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn. Nínú gbogbo ohun tí mò ń kà sílẹ̀ yìí, òun nìkan ni kò fi ìpinnu lé onílé lọ́wọ́.

Èyí yí padà nígbà tí rédíò oní-tírànsísítọ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1954, bẹ̀rẹ̀ sí dé ọ̀dọ̀ wa, tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959. Ẹni tó ra tirẹ̀, òun ló ni ìyọnu rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ alátùn-únṣe rédíò ti di iṣẹ́ gidi tí ènìyàn ń kọ́, tó ń gba ìdáǹdè rẹ̀. Àwọn tó dàgbà nínú yín yóò rántí ṣọ́ọ̀bù náà: tábìlì kan, irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó òjé, àti òkìtì rédíò tí àwọn tó ni wọ́n kò padà wá gbà. Lójú ọmọdé, ìdọ̀tí ni òkìtì yẹn. Lójú ọ̀gá, ibẹ̀ ni ẹ̀yà ara wà, èyí tí yóò yọ lára òkú láti fi jí aláìsàn dìde.

Owó Údójì ló wá yí òṣùwọ̀n náà sódì lójijì. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀ dábàá àfikún owó oṣù fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, wọ́n san àfikún náà pẹ̀lú èyí tó ti jẹ́ àjẹsílẹ̀. Owó epo rọ̀bì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ya lọ sọ́jà: fíríìjì, tẹlifíṣàn, fáànù, ẹ̀rọ tó ń lu àwo orin. Ọjà náà sì gbówó lórí. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ta ni yóò jókòó ti rédíò àtijọ́? Náírà lágbára, ní ọdún 1985 pàápàá, náírà kan ṣì ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Ó rọrùn fún ọ̀pọ̀ láti ra tuntun ju kí wọ́n wá ẹni tó mọ àtúnṣe lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìwà ló ń ṣe ìpinnu yìí, a ó ní láti sọ pé ìwà àwọn òbí wa bàjẹ́ ní ọdún 1975, ó sì tún dára padà ní ọdún 1986. N kò mọ ẹni tí yóò gba irú àlàyé bẹ́ẹ̀.

Nítorí pé ní ọdún 1986, òṣùwọ̀n náà tún dojú dé. Owó epo ti wálẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1982, ìjọba Shehu Shagari ti ṣe òfin tó dín kíkó ọjà wọlé kù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986, lábẹ́ ètò tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP, ìjọba Ibrahim Babangida fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Kí ọdún 1987 tó parí, ó ti tó nǹkan bí náírà mẹ́rin sí dọ́là kan. Fíríìjì tuntun kúrò ní ohun tí owó oṣù olùkọ́ lè sún mọ́. Àwọn alátùn-únṣe padà sórí oyè. Àmọ́ wọn kò dá jẹ ẹ́. Tòkúnbọ̀ bá wọn jẹ ẹ́.

Orúkọ ènìyàn ni Tòkúnbọ̀, orúkọ ọmọ tí a bí sókè òkun tí a gbé wálé. Ó jọ mí lójú bí a ṣe fi ọ̀rọ̀ bo ìtìjú: dípò kí a pe ọkọ̀ tàbí fíríìjì ní àlòkù, a fún un ní orúkọ ọmọ ọlọ́lá. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ, akúdàáyà ni ǹ bá pè é. Ẹ̀yin náà mọ ìtàn akúdàáyà: ẹni tó kú ní ìlú kan, tí wọ́n sin, tí wọ́n ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, tí a wá rí ní ìlú mìíràn tó ń tajà, tó ti ní aya, tó ti bímọ. Fíríìjì tí onílé kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti dájọ́ ikú fún, òun náà ló wà ní ọjà Aláàbà tó ń mú omi tutù. Ìdájọ́ méjì lórí ohun kan ṣoṣo, àwọn méjèèjì sì tọ̀nà níbi tí wọ́n ti dá a. Ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ló wọ́n, ẹ̀rọ ló pọ̀. Ní Èkó, ẹ̀rọ ló wọ́n, ọwọ́ ènìyàn ló pọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ sí ikú rẹ̀ nígbà mìíràn. Ní ọdún 1924, àwọn ilé-iṣẹ́ gílóòbù ńláńlá, tí Osram àti Philips wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Phoebus. Lára ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí gílóòbù má ṣe tàn ju nǹkan bí wákàtí 1,000 lọ. Ilé-iṣẹ́ tí tirẹ̀ bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ yóò san owó ìtanràn. Ogun Àgbáyé Kejì ló tú wọn ká. Láìpẹ́ yìí, àwọn ìjọba kan lókè òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí dá sí i. Láti ọdún 2021, ilẹ̀ Faransé ti mú un ní dandan pé kí àwọn ẹ̀rọ kan gbé máàkì sára, láti òdo dé mẹ́wàá, tó ń fi hàn bí àtúnṣe wọn ṣe rọrùn tó. Ní ọdún 2024, European Union ṣe òfin tó fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá wa tó jókòó ti irin òjé kò dúró de òfin kankan.

Kì í sì í ṣe gbogbo òkú ló ń di akúdàáyà. Ní ọdún 2005, àjọ Basel Action Network tẹ ìròyìn kan jáde lórí Èkó. Wọ́n ṣírò pé nǹkan bí kọ̀ntẹ́nà 500 tó kún fún ẹ̀rọ àlòkù ń wọlé lóṣooṣù, àti pé ohun tí kò ṣeé tà, tí kò ṣeé tún ṣe, nínú wọn lè tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwádìí mìíràn, tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́wọ́ sí, yẹ èbúté Èkó wò ní ọdún 2015 àti 2016. Ó fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù, ó kéré tán, ló ń wọlé lọ́dún, tí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́. Inú ọkọ̀ tòkúnbọ̀ ni wọ́n ń há èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sí, akúdàáyà nínú akúdàáyà. Ohun tí kò ṣiṣẹ́ yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ń fi iná sun lórí ààtàn kí wọ́n lè rí kọ́pà inú wáyà, àwọn ni wọ́n sì ń fa èéfín rẹ̀ símú. Lórí ìwé, fíríìjì àlòkù àti kọ̀ńpẹ́rẹ́sọ̀ àlòkù wà lára ohun tí iléeṣẹ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù kà léèwọ̀ láti kó wọlé. Ẹ lọ sọ́jà kí ẹ wò ó. Nígbà tí ẹnìkan lókè òkun bá sọ pé òun ti pààrọ̀ ẹ̀rọ òun, ìdajì ìtàn ni ó sọ. Àwọn ọmọ orí ààtàn ló mọ ìdajì tó kù.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí fíríìjì wa, tòkúnbọ̀ tí a rà ní ọdún 2007. Kọ̀ńpẹ́rẹ́sọ̀ ni ó ń ti gáàsì káàkiri inú páìpù rẹ̀, mọ́tò inú rẹ̀ sì ń fẹ́ iná tó tó fólítì 230 tàbí 240. Bí iná bá wálẹ̀ gan-an, mọ́tò náà kò ní lè yí dáadáa. Yóò máa fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, yóò gbóná, wáyà inú rẹ̀ yóò sì jó. Ó jẹ́ ECN, ó di NEPA ní ọdún 1972, ó di PHCN ní ọdún 2005, ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013. Orúkọ ló ń yí padà. Iná kò tíì dúró sójú kan. Nítorí náà, ikú fíríìjì nílẹ̀ wa kì í sábà jẹ́ ikú ọjọ́ ogbó.

Ara igbá àti ìkòkò ni mo ti kọ́ ìbéèrè tí mo bi oníṣẹ́ náà: ibi tó là yìí, ṣé ibi tó gba kasẹ ni? Bí ó bá jẹ́ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, tàbí thermostat, tàbí relay kékeré tó ń jí kọ̀ńpẹ́rẹ́sọ̀, àtúnṣe ni, kò sí àríyànjiyàn. Bí ó bá jẹ́ páìpù tó wà nínú fóòmù ara rẹ̀ ló ń jò, ọ̀rọ̀ ti di ti ìkòkò. Ó ṣòro láti dé ibẹ̀ láìba àpótí náà jẹ́. Kọ̀ńpẹ́rẹ́sọ̀ wà láàárín. Ó ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, ó sì ń fẹ́ gáàsì tó bá a mu. R-12 ayé àtijọ́ ń ba ìpele ozone jẹ́, àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 ló lé e kúrò. R-134a rọ́pò rẹ̀. R-600a ló wà nínú ọ̀pọ̀ tuntun, òun sì lè gbiná, kì í ṣe ohun tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ń fi ọwọ́ kàn. Ọkùnrin náà dáhùn gbogbo rẹ̀ láìkánjú. Mo mọ̀ nígbà náà pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní àwíjàre gidi. Ó ní tuntun kì í jẹ iná bí ti àtijọ́, owó iná sì ń gòkè. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 yẹn, ìjọba tún ti fi náírà sílẹ̀ fún ọjà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí náírà 460 ti dé nǹkan bí 900 kí ọdún tó parí. Ọdún 1986 ló tún padà wá kan ilẹ̀kùn wa. Màmá kò ka ìtàn kankan. Wọ́n fi ìka ka iye ọjọ́ tí wọn kò ní rí omi tútù tà kí owó tuntun tó pé, wọ́n ní kí ọkùnrin náà lọ mú irinṣẹ́ rẹ̀ wá.

Ọjọ́ méjì ló fi ṣe é. Ó sì ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́rìnlá gbáko, títí di ìgbà tí páìpù inú fóòmù bẹ̀rẹ̀ sí jò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹni tó jiyàn. Ọkùnrin tó tún un ṣe ra kọ̀ńpẹ́rẹ́sọ̀ náà padà lọ́wọ́ wa, ẹni tó ń ra irin àlòkù sì gbé àwọn páìpù ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Àpótí rẹ̀ wà nínú ilé ìdáná títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Gààrí àti èlùbọ́ ni Màmá ń kó sínú rẹ̀, nítorí pé eku kò lè wọ̀ ọ́.